Ta Ni Ìyá Yìí? Wíwádìí Ìtàn Ẹbí Nínú Àwòrán Àtijọ́ àti Ohun Ìrántí

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Kí olúkúlùkù wa lè mọ bí a ti ń fi àwòrán àti ẹrù àtijọ́ tó wà nílé wádìí ìtàn ẹbí, pàápàá orúkọ àwọn ìyá tí a ti ń gbàgbé, kí a sì mọ bí a ti ń tọ́jú wọn kí wọ́n má baà bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ohun tí a ó mú wá sí ìpàdé: Àwòrán àtijọ́ kan, tàbí ohun ìrántí kan tó ti ọ̀dọ̀ ìyá tàbí ìyá-ìyá yín wá, pẹ́ńsù kan àti ìwé tí a lè kọ nǹkan sí.

Ìṣáájú

Nínú pálọ̀ ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, àwòrán àwọn àgbà máa ń wà lórí ògiri nínú férémù. Bí àlejò bá bèèrè pé ta nìyẹn, àwọn ará ilé á dáhùn kíá pé, "Bàbá wa àgbà nìyẹn, àwọn ló kọ́ ilé yìí." Wọ́n á pe orúkọ wọn, wọ́n á sì sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí àlejò náà bá tún bèèrè pé ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ńkọ́, ìdáhùn á yí padà. Wọ́n á ní, "Ìyàwó wọn ni," tàbí "Ìyá Ìbejì ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n." Orúkọ tí a sọ ìyá náà ní ọjọ́ ìkómọ, ìlú tí wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, ọmọ ta ni nílé bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ mọ́.

Kì í ṣe àìbìkítà ló kọ́kọ́ fa èyí. Ọ̀wọ̀ ni. Láyé àwọn baba wa, a kì í pe àgbà ní orúkọ. Bí obìnrin bá ti bímọ, orúkọ ọmọ ló ń jẹ́. Nígbà tí àwọn tó mọ orúkọ gan-an wà láàyè, kò sí ewu níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá kú tán, ohun tí ọ̀wọ̀ fi pamọ́ á wá di ohun tí ó sọnù. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa ni pé kí a wá orúkọ wọ̀nyí rí nígbà tí ẹni tí a lè bi ṣì wà.

Ìdí tí orúkọ ìyá fi ṣe pàtàkì

Èkíní, ọ̀rọ̀ ogún wà níbẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá, bí bàbá kan bá kú láì ṣe ìwé ìhágún, ìdí igi ni a fi ń pín ogún rẹ̀. Bí ìyàwó mẹ́rin bá bímọ fún un, ọ̀nà mẹ́rin ni a ó pín in sí, bí àwọn ọmọ ìyá kan tilẹ̀ pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ọ̀nà kejì ni orí-ò-jorí, tí a fi ń pín in fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ Privy Council ní London, wọ́n sì fi ọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí igi ni àṣà tí a mọ̀. Ẹ rò ó wò: báwo ni a ó ti pín nǹkan sí ìdí igi bí ọmọ-ọmọ kò bá mọ igi tí òun ti wá?

Èkejì, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí ìbátan fẹ́ ìbátan. Ìran bàbá rọrùn láti tọ́ka sí nítorí pé orúkọ ìdílé ń fi í hàn. Ìran ìyá ni ó máa ń pa mọ́, tí ọmọ méjì á fi pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga láì mọ̀ pé ìyá kan náà ló bí àwọn ìyá-ìyá wọn.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni. Nínú ìwé Tímótì Kejì, Pọ́ọ̀lù dárúkọ Loisi ìyá-ìyá Tímótì àti Eunike ìyá rẹ̀. Kò ní "ìyá Tímótì" lásán. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ní 1846, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ìyá náà ṣèrìbọmi ní 1848, ó sì gba orúkọ Hannah. Afala ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. A mọ̀ ọ́n lónìí nítorí pé ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ìyá mìíràn tí a kó ọmọ wọn lọ nígbà kan náà pọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ tiwọn.

1. Àwòrán ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ gbogbo rẹ̀

Ọdún 1839 ni a kọ́kọ́ kéde iṣẹ́ fọ́tò fún gbogbo ayé ní ilẹ̀ Faransé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi fọ́tò hàn yín pé ti bàbá ńlá kan tó kú ní 1830 ni, ẹ mọ̀ pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Nígbà tó fi di ìparí ọ̀rúndún náà, àwọn ènìyàn wa fúnra wọn ti gba iṣẹ́ náà. George Da Costa, ọmọ Èkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ní 1895. Walwin Holm náà kó wá láti Accra sí Èkó ní 1896.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwòrán kan tí gbogbo ayé mọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́. Ó wà ní National Portrait Gallery ní London. Camille Silvy ló yà á ní 1862. Obìnrin adúláwọ̀ kan ni, ó wọ aṣọ òyìnbó olówó ńlá tó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó dúró bí ọmọ ọlọ́lá. Bí a bá wo fọ́tò yìí nìkan, a lè rò pé inú ọlá ni wọ́n bí i sí nílùú òyìnbó. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Yewa ni. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó o ní 1848 nígbà tí wọ́n pa ìlú rẹ̀ run, ó sì di ọmọ òrukàn. Ní 1850, Ọba Gezo fi í ta Ọ̀gágun ojú omi Frederick Forbes lọ́rẹ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Sarah Forbes Bonetta: Forbes ni orúkọ ọ̀gágun náà, Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Ọbabìnrin Victoria gbà á tọ́. Ní August 1862, ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies ní Brighton, wọ́n sì padà wá sí Èkó. Ó kú ní 1880 ní Madeira.

Kí ni a rí kọ́? Fọ́tò fi aṣọ àti ìdúró hàn wá. Kò fi ẹkún hàn. Orúkọ rẹ̀ ló tú àṣírí ìrìn àjò rẹ̀. Ìwé tí àwọn ènìyàn kọ ló sì sọ ìyókù. Bákan náà ni nílé wa. Fọ́tò, orúkọ, ìwé àti ẹnu àgbà gbọ́dọ̀ jọ pàdé kí ìtàn tó dúró.

2. Bí a ti ń ka àwòrán

Ẹ kọ́kọ́ yí i padà. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Òǹtẹ̀ oní-fọ́tò, orúkọ àdúgbò, tàbí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi ọwọ́ kọ síbẹ̀ lè tó láti dáhùn ìbéèrè ìdajì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìjókòó. Nínú àwòrán àgbà, ẹni tó jẹ́ olórí ló ń jókòó sí àárín. Ó kọjú sí wa gbọnrangandan, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó da aṣọ rẹ̀ bolẹ̀. Ta ló dúró? Ta ló jókòó sílẹ̀? Ọmọ wo ló wà lẹ́sẹ̀ ta ni? Ètò yìí kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ipò ló ń sọ.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn: ìwé, ìrùkẹ̀rẹ̀, ọ̀pá, àpò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Nílé fọ́tò, aago, bàtà, àga àti kóòtù lè jẹ́ ti oní-fọ́tò, tí ó fi ń yá àwọn oníbàárà.

Ẹ wo ilà ojú. Pélé, àbàjà, gọ̀mbọ́ àti kẹ́kẹ́ lè tọ́ka sí ìlú tàbí ìdílé tí ẹni náà ti wá. Ìtọ́sọ́nà ni wọ́n o, kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró, nítorí pé ìlú púpọ̀ ló ń kọ irú ilà kan náà.

Ẹ wo irun àti gèlè. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é. Nínú àwòrán rẹ̀ ni a ti rí onílé gogoro ti 1975. Bí ìyá yín bá fi òwú di irun bí ilé alájà nínú fọ́tò, ẹ lè fi í wé ti àwọn ọdún wọ̀nyẹn.

Bí mọ́tò bá wà nínú àwòrán tí a yà ní Nàìjíríà, ẹ wo ibi tí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ wà. Títí di 2 April 1972, ọwọ́ òsì títì ni a ń gbà wakọ̀ lórílẹ̀-èdè wa, ọwọ́ ọ̀tún inú mọ́tò sì ni awakọ̀ máa ń jókòó sí. Láti ọjọ́ náà ni a ti bọ́ sí apá ọ̀tún títì.

3. Àwòrán ìbejì

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ó lè wà nílé ẹnì kan nínú wa. Ní 1975, ọ̀gbẹ́ni ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague ṣe ìwádìí iṣẹ́ fọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó rí i pé nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí kan kò gbẹ́ ère ìbejì mọ́. Ọ̀dọ̀ oní-fọ́tò ni wọ́n ń lọ. Oní-fọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó papọ̀. Bí èyí tó kú bá jẹ́ ọkùnrin tí èyí tó kù sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ tobìnrin fún un, wọ́n á sì tún yà á.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọ méjì nínú fọ́tò àtijọ́ tí ojú wọn bára mu jù, tí kò sì sẹ́ni tó mọ èkejì nínú ẹbí, ẹ má ṣe yára kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ méjì ló wà láàyè nígbà náà. Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bèèrè. Ó lè jẹ́ ìyá kan tó ṣọ̀fọ̀ ló mú fọ́tò náà wá sílé.

4. Ohun tó wà nínú àpótí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú àkísà ìyá àgbà ni ìtàn wà.

Òfin kan wà tí yóò ràn wá lọ́wọ́: ohun ìrántí máa ń sọ ọdún tí nǹkan kò lè ṣáájú, ṣùgbọ́n kì í sọ ọdún tí a rà á. Ẹ wo àdìrẹ tí a ń pè ní Olóba: àwòrán ọba àti olorì ló wà lára rẹ̀, láti ibi ayẹyẹ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní 1935. Ìyá tó ró o nínú fọ́tò kò lè ti yà á ṣáájú 1935. Bákan náà ni "Ìbàdàn dùn", tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó lára. A ṣí Mápó ní 1929.

Owó náà ń sọ̀rọ̀. Kọ́bọ̀, eépìnnì àti ọ̀nìnnì oníhò láyé Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ ọba àti ọdún lára. Ní 1959 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó tirẹ̀, a sì bọ́ sí náírà ní 1 January 1973. Bí ìyá bá so ọ̀nìnnì méjì mọ́ etí aṣọ, ẹ bi ará ilé pé kí nìdí. Ó lè jẹ́ owó ọjà àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀bùn ìyàwó.

Ìwé ìjọ ṣe pàtàkì jù fún ohun tí à ń wá. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìsàmì, a máa ń kọ orúkọ bàbá àti orúkọ ìyá ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìyá wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni a ti fi yíǹkì kọ orúkọ wọn láyé wọn. Àkọlé ìwé náà lè sọ ìgbà fún wa. Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní September 1842. Títí di 1932, "Wesleyan" ni ìjọ wa ń jẹ́ nínú ìwé òyìnbó. Ọdún 1962 ni Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà gba òmìnira. Ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ́ẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ gíga Mẹ́tọ́díìsì ti àwọn ọmọbìnrin ní Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1879, ọdún kan lẹ́yìn ti ọkùnrin.

Fún ìdílé Sàró àti àwọn tí ìran wọn gba Cuba kọjá, ìrànwọ́ mìíràn wà. Àwọn ilé ẹjọ́ ní Freetown àti Havana kọ orúkọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Orúkọ tó ju 91,000 lọ ni àwọn olùwádìí ti kó jọ láti inú ìwé wọ̀nyí, tí a lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, bí akọ̀wé tilẹ̀ kọ wọ́n bí etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ.

5. Bíbéèrè lọ́wọ́ àgbà

Ẹ gbé fọ́tò náà lé àgbà lọ́wọ́, ẹ sì dákẹ́. Ẹ má ṣe bèèrè pé, "Ọdún wo ni?" Ọ̀pọ̀ àgbà kò fi ọdún òyìnbó ka ayé wọn. Ẹ bèèrè pé: "Mà-má, ṣé ìgbà náà ṣáájú òmìnira? Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀? Ta ló wà lórí oyè?" Ẹ fi èyí tí wọ́n bá dáhùn wé àwọn ọdún wọ̀nyí:

Àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn, àti Ogun Adúbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá: 1918.
Ogun Hitler, tí àwọn ọmọ wa lọ jà ní Bọ́mà: 1939 sí 1945.
Ìwọ́de àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nítorí owó orí: 1947 sí 1949.
Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn: 1955.
Òmìnira: 1 October 1960.
Àgbẹ̀kọ̀yà: 1968 sí 1969.

Orúkọ fúnra rẹ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀. Bí àbúrò bàbá yín bá ń jẹ́ Babátúndé, bàbá àgbà kan ti kú kí a tó bí i. Bí ìyá kan bá ń jẹ́ Abíọ́nà, ẹ bèèrè ìrìn àjò tí wọ́n ń rìn lọ́jọ́ náà. Ìdòwú kò lè wà láìsí ìbejì níwájú rẹ̀. Ẹ béèrè oríkì ìyá náà pẹ̀lú, nítorí pé oríkì máa ń gbé orúkọ ìlú dání nígbà tí gbogbo ìyókù ti sọnù. Ẹ gba ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù, ẹ sì lọ bi ẹlòmíràn kí ẹ tó gbà á gẹ́gẹ́ bí òtítọ́.

Ìkìlọ̀ kan: a lè bá ohun tó ń dunni pàdé. A lè gbọ́ pé ẹrú ni ìyá kan, tàbí pé ìwọ̀fà ni nígbà tí ó wọ ilé náà. A lè rí fọ́tò tí a fi àlùmọ́gàjí gé obìnrin kan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì ṣe gbé e sí ojútáyé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe sọ ọ́ di ohun ìjà nínú ìjà ilẹ̀. Ẹni tó wọlé bí ẹrú tí ó sì bí ọmọ tí ó di ẹbí, ìyá ni; orúkọ rẹ̀ yẹ kí ó wà nínú ìwé bíi ti ẹlòmíràn. Bí àgbà bá ní òun kò fẹ́ sọ, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

6. Ìtọ́jú

Nígbà tí àgbà bá kú, fọ́tò kan ṣoṣo tó wà ni a máa ń yọ nínú férémù fún àwọn tí yóò tẹ ìwé ìsìnkú. Nígbà mìíràn kì í padà wá. Kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní fọ́tò, ẹ fi fóònù yà á ní ojúmọ́mọ, níbi tí oòrùn kò ti tàn sí i tààrà, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ó kéré tán ẹni méjì nínú ẹbí.

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ sì di fọ́tò mú ní etí.
Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Báírò máa ń hàn sí iwájú. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń dán tí pẹ́ńsù kò mú, ẹ kọ ọ́ sára àpò ìwé tí ẹ ó fi í sí.
Ẹ má ṣe lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibi tó ya, ẹ má sì ṣe lámínéètì rẹ̀. Ohun tí a bá lámínéètì kò ṣeé tú mọ́ láì bà á jẹ́.
Bí fọ́tò bá lẹ̀ mọ́ díńgí férémù, ẹ má ṣe fà á. Ẹ yà á láti òkè díńgí náà.
Ẹ má ṣe gbé e kọ́ ibi tí oòrùn ń wọ̀, tàbí ara ògiri tí omi ń yọ. Ẹ gbé àpótí kúrò nílẹ̀ nítorí ikán.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ta nínú wa ló lè dárúkọ ìyá-ìyá rẹ̀, àti ìyá tó bí ìyá-ìyá náà? Níbo ni orúkọ náà ti dá dúró?
2. Kí ni ohun kan nílé yín tí àwọn ọmọ yín kò mọ ìtàn rẹ̀?
3. Bí a bá rí òtítọ́ tó lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí, ta ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ fún?

Iṣẹ́ ṣíṣe kí a tó tún pàdé

Kí olúkúlùkù mú fọ́tò kan ṣoṣo. Kí ó kọ orúkọ gbogbo obìnrin tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀: orúkọ tí a sọ wọ́n, oríkì wọn, ìlú bàbá wọn àti ìlú ìyá wọn. Ibi tí a kò bá mọ̀, kí a fi àyè sílẹ̀, kí a má ṣe méfò. Kí ó mú àyè tó ṣófo náà lọ bá àgbà tó dàgbà jù nínú ẹbí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ ọdún. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò ṣí ìwé kan sílẹ̀ fún orúkọ tí a bá rí. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó kà wọ́n sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó mú orúkọ wá yóò sì dìde dúró.